Ta Ni Yóò Dí Àlàfo Ẹni Tó Ń Dí Àlàfo?

Ní Ajégúnlẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọmọ tó bá gbé bàtà bọ́ọ̀lù kọ́rùn wá sí pápá máa ń gbọ́ ni: "Nọ́ńbà wo lo ń gbá?" A kì í bi í pé ọmọ ta ni. A kì í bi í pé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí wo ló ń lọ. Nọ́ńbà la fẹ́ gbọ́. Ọmọ tó bá dáhùn kíá pé "mẹ́sàn-án" tàbí "mẹ́fà", ojú ẹni tó mọ ibi tó ń lọ la fi ń wò ó. Èyí tó bá ní ibikíbi tí wọ́n bá fi òun sí lòun ń gbá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní kò tíì mọ ara rẹ̀. Láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ ní Olódì-Àpápá, mo sì ti rí i pé ìbéèrè yìí ju ti bọ́ọ̀lù lọ. Ìbéèrè nípa àyànmọ́ ni.

Ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan nítòsí ọjà Boundary ló gbé e kalẹ̀ fún mi lọ́nà tí oorun fi dá lójú mi. Ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ wa. Tí àìsàn bá dá ẹni tó ń gbá nọ́ńbà méjì dúró sílé, òun ni yóò bọ́ síbẹ̀. Tí aṣọ́lé bá bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí ìsìnkú nílùú wọn, òun ni yóò wọ ìbọ̀wọ́. Nígbà kan tí góòlù ṣòro fún wa nínú ìdíje àdúgbò, iwájú la gbé e lọ, ó sì jẹ góòlù. Ìyá yìí wá gbọ́ ìwàásù kan, pé ibì kan ṣoṣo ni Ọlọ́run yàn fún ẹ̀dá, pé ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, kíkiri ni yóò máa kiri títí ọjọ́ alẹ́. Ló bá wá bá mi lẹ́yìn ìdánrawò, ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Ó ní, "Ẹ dákun, Bàbá Kóòṣì, kí ni Ọlọ́run dá ọmọ mi fún gan-an? Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ní nọ́ńbà. Tèmi nìkan ló ń rìn kiri orí pápá bí ẹni tí kò nílé." Mo ní, "Màmá, ẹ dìde. Ẹ fún mi láyè kí n rò ó." Ohun tí mo rò rèé.

Ká tó dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́, ó yẹ ká mọ ilẹ̀ tó hù ú jáde. Mọ́ńkì pósì ni bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí ọmọ Ajégúnlẹ̀ ń gbá: òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀lù felele tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri, ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún lápá kọ̀ọ̀kan, láàárín gọ́tà àti ògiri. Kò sí aṣọ́lé. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù síwájú nísinsìnyí ni yóò sáré padà wá fi ara dí ojú ilé kó tó mí kanlẹ̀, nítorí bí wọ́n bá jẹ góòlù lójú yín, ẹ ó bọ́ síta fún àwọn tó ń dúró. Ojú pópó wa kò mọ nọ́ńbà. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ilé wa. Ní òpópónà kan ṣoṣo ẹ lè bá Ìjọ, Úróbò, Ígbò, Haúsá àti àwa Ìlàjẹ, ọmọ á sì ti máa fi èdè mẹ́ta tọrọ omi kó tó mọ ìwé kà. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹja láàárọ̀, ó ń ránṣọ lálẹ́. Nígbà tí ọmọ náà bá wá dé pápá Maracana, pápá tí a fi orúkọ ti Rio de Janeiro sọ, la máa ń ní kó gbàgbé gbogbo ohun tí àdúgbò ti kọ́ ọ, kó mú nọ́ńbà kan.

Ilẹ̀ yìí kan náà ló sì bí oríṣi agbábọ́ọ̀lù méjèèjì, ẹni tó ń dí àlàfo àti oníipò-kan. Samson Siasia, ọmọ Ajégúnlẹ̀, iwájú ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1994 ní Amẹ́ríkà, Rashidi Yekini ló ni iwájú. Yekini, tó jẹ góòlù 37 fún Nàìjíríà, kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń sún kúrò nípò. Siasia sún sẹ́yìn, ó bọ́ sí àárín. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ní Boston, nígbà tí a pàdé Ajẹntínà, ìṣẹ́jú kẹjọ kò tíì kọjá tí Siasia fi gbá bọ́ọ̀lù kọjá lórí aṣọ́lé wọn wọlé. Caniggia tiwọn dá méjì padà, a fìdí rẹmi, àmọ́ góòlù yẹn ṣì wà lójú mi. Ẹnìkejì ni Odion Ighalo. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni Ighalo níbi gbogbo tó dé: Norway, Italy, Spain, Watford, Ṣáínà. Ní Íjíbítì lọ́dún 2019, góòlù márùn-ún ló jẹ, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ tó o nínú Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Adúláwọ̀ ọdún náà. Ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dara pọ̀ mọ́ ikọ̀ àgbà Manchester United. Iyanrìn kan náà ni àwọn méjèèjì tẹ̀. Tí ibì kan ṣoṣo bá jẹ́ òfin Ọlọ́run, ṣé Siasia ṣẹ̀ ni?

Ìtàn kan wà nínú Ifá tó ràn mí lọ́wọ́, Kristẹni ni mí o, àmọ́ mi ò lè sọ pé àwọn baba mi kò ronú. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti òde ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Oríṣẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ń lọ yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá alámọ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má yà nílé baba wọn. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kọjá lọ tààrà, wọ́n gbé orí tó dán lójú, tí kò jiná nínú. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n dé ayé pẹ̀lú òfò. Afùwàpẹ́ yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀ ní tirẹ̀, wọ́n dífá fún un, wọ́n sì ní kó mú owó àti iyọ̀ dání. Lójú ọ̀nà ó bá oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un níyọ̀. Oníbodè ló wá mú un dé ilé Àjàlá. Àjàlá ti sá sínú àjà nítorí gbèsè. Afùwàpẹ́ bá a san án. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá a ṣa orí tó jiná.

Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn yìí dáadáa. Kò sí ibi tí wọ́n kọ iṣẹ́ sára orí kankan nílé Àjàlá. Kò sí orí alágbẹ̀dẹ, kò sí orí alágbàfọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí orí nọ́ńbà mẹ́sàn-án. Orí tó jiná ló wà, orí tí kò jiná ló wà. Ẹni tó bá ní àkúnlẹ̀yàn ni pé kí èèyàn dúró sí ọwọ́ ọ̀tún títí láé ti fi kún ohun tí àwọn àgbà kò sọ. Èkejì ni pé àlàfo ni Afùwàpẹ́ ń dí ní gbogbo ọ̀nà: ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, gbèsè tí kò sówó. Ohun tí mo sì di mú jù ni ẹ̀kẹta. Àwọn tó dí àlàfo fún náà dí tirẹ̀. Oníbodè kò gba iyọ̀ tán kó padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Ó mú un lọ. Àjàlá kò gba owó tán kó ní kó yan èyí tó bá wù ú.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín agbábọ́ọ̀lù tí ìlò púpọ̀ gbé ga àti èyí tí ìlò púpọ̀ bà jẹ́ nìyẹn. Ẹ rántí ikọ̀ Netherlands ọdún 1974 lábẹ́ Rinus Michels. Gbogbo ayé ló ń yìn wọ́n pé ẹnikẹ́ni lè gbá níbikíbi. Ẹ̀yìn á bọ́ síwájú, iwájú á bọ́ sí àárín, Johan Cruyff á kúrò lójú ilé ọ̀tá á sọ̀ kalẹ̀ wá gba bọ́ọ̀lù. Ohun tí a kì í sọ ni pé kò sẹ́ni tó ń fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń bọ́ síbẹ̀. Májẹ̀mú ni wọ́n jọ dá: bí mo bá lọ dí tìrẹ, ẹlòmíràn yóò dí tèmi. Ní Ajégúnlẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo la ń rán, mẹ́wàá tó kù dúró sí àyè wọn.

Àwa tó kọ́ wọn mọ ìdí rẹ̀. Àìní ni. Ẹgbẹ́ ńlá a máa ra ẹni méjì sí ipò kọ̀ọ̀kan. Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù àgbáyé náà ti wá la ọ̀nà fún ọlọ́rọ̀: ṣáájú ọdún 1970, Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé kò gba pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù rárá, méjì ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, ó di mẹ́ta, márùn-ún ló wà lónìí. Èèyàn 22 la kó lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1994. Ní Qatar lọ́dún 2022 wọ́n gba 26. Bí àyè bá ṣe ń gbòòrò lórí bẹ́ńṣì ni oníipò-kan ń rí ibi jókòó. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé ọmọ mẹ́tàlá ló wọ dáńfó wá, tí méjì nínú wọn ń tiro, ibo ló ti fẹ́ rí oníipò-kan mọ́kànlá? Ó dùn mí nígbà tí ejẹ́ńtì bá wá láti òkè òkun, tó wo ọmọ tí àìní wa ti sọ di gbogboǹṣe, tó sì ní kò ní ipò. Àìní tí a jọ jẹ ló fi ń dá ọmọ kan lẹ́bi.

Mo mọ oró yẹn nílé kí n tó mọ̀ ọ́n lórí pápá. Etí òkun Ìlàjẹ ni bàbá mi ti wá, iṣẹ́ wíńṣì, ẹ̀rọ tó ń fa ẹrù jáde nínú ọkọ̀, ló sì ṣe ní èbúté Àpápá. Nígbà náà, àpò ni ẹrù: ìrẹsì, ṣúgà, sìmẹ́ńtì, pańlá. Gáàngì kan á ní ẹni tó ń di wíńṣì mú, ẹni tó dúró lẹ́nu ihò ọkọ̀ tó ń juwọ́ sí i, àwọn tó wà nínú ikùn ọkọ̀, àti akọ̀wé tó ń ka àpò. Ipò oníkálukú hàn. Lọ́dún 1975 ni ọkọ̀ sìmẹ́ńtì tí ìjọba pàṣẹ rẹ̀ ya wọ Èkó, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn dúró lójú omi tí wọn kò rí ibi gúnlẹ̀, èyí tó mú kí wọ́n yára kọ́ èbúté Tin Can tó ṣí lọ́dún 1977. Lásìkò yẹn bàbá mi kì í bèèrè ipò. Ó di wíńṣì, ó wọ ikùn ọkọ̀, ó ka àpò, eruku sìmẹ́ńtì wọ inú irun imú rẹ̀. Kònténà wá dé, wíńṣì di ohun àná. Àwọn tó jẹ́ pé wíńṣì nìkan ni wọ́n mọ̀ lọ sílé. Bàbá mi kọ́ fọ́klífìtì, ó dúró. Títí dé ibẹ̀, ẹ lè ní ìlò púpọ̀ gbè é. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ̀yìn tì, ilé-iṣẹ́ tó lò ó wo ìwé rẹ̀, wọn kò rí orúkọ ipò kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí. Gbogbo ipò ló ti dì mú, kò sí èyí tí wọ́n fi jẹ oyè rẹ̀. Ìpele àwọn aláàárù ni wọ́n fi ṣírò owó rẹ̀. Ó kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ń ka lẹ́tà Pọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń tẹ́tí gidi. Orí kejìlá ni àwọn oníwàásù fẹ́ràn, níbi tó ti fi ẹ̀yà ara ṣàlàyé, tí ojú kò lè ṣe iṣẹ́ etí. Òun ni wọ́n fi ń sọ pé kí kálukú dúró sí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà kan náà, ní orí kẹsàn-án, Pọ́ọ̀lù ti sọ nípa ara rẹ̀ pé òun sọ ara òun di bí Júù fún Júù, òun sì di aláìlera fún aláìlera. Ẹni tó ń pàgọ́ ta láti jẹun, tó ń wàásù, tó ń kọ lẹ́tà, tó ń parí ìjà. Mi ò gbà pé Pọ́ọ̀lù tako ara rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé orí kejìlá kò dá lórí ipò nìkan. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ̀yà tí kò níyì la gbọ́dọ̀ túbọ̀ bu ọlá fún, àti pé bí ọ̀kan bá ń jìyà, gbogbo ara ló ń jẹ ẹ́. Apá yẹn ni a kì í wàásù tó. Àfáà kan ní Àmùkòkò tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa sọ fún mi pé wọ́n bi Ànọ́bì léèrè bóyá ká kúkú jókòó nígbà tí gbogbo nǹkan ti wà ní àkọsílẹ̀. Ó ní ìdáhùn Ànọ́bì ni pé kí wọ́n máa ṣiṣẹ́, ohun tí a dá kálukú fún ni yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Inú iṣẹ́ la ti ń mọ ohun tí a dá wa fún, a kì í mọ̀ ọ́n ká tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ kí àwọn òbí wò ni John Obi Mikel. Lọ́dún 2005, nínú ìdíje àwọn tí kò ju ogún ọdún lọ ní Netherlands, Siasia wa yìí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó fi Mikel sí iwájú àárín, ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ sí ojú ilé. Ajẹntínà na wa 2–1 nínú àṣekágbá, pẹ́nárítì ni Messi fi jẹ méjèèjì. Messi gba bọ́ọ̀lù wúrà, Mikel gba ti fàdákà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó dé Chelsea, José Mourinho sì fà á sẹ́yìn síwájú àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn kó máa gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ wa sọkún pé wọ́n ti pa kádàrá ọmọ náà. Àmọ́ nígbà tí Chelsea gba ife ilẹ̀ Yúróòpù ní Munich ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012, Mikel wà lórí pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin àfikún àkókò. Lọ́dún 2016 ó tún padà sọ́dọ̀ Siasia ní Òlíḿpíìkì Brazil, ó jẹ́ balógun, ó padà síwájú, ó jẹ góòlù lójú Denmark, a sì gba idẹ.

Kí ló yí padà lára Mikel? Lójú tèmi, kò sí nǹkan kan. Bó ṣe ń fi ẹ̀yìn bo bọ́ọ̀lù mọ́ ọ̀tá lójú, sùúrù rẹ̀, bó ṣe ń gbé orí sókè kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀, níwájú lẹ́yìn, bákan náà ni. Ògún náà rèé: ọwọ́ ọdẹ ló wà, ọwọ́ onílà ló wà, ọwọ́ agbẹ́gilére àti awakọ̀ tírélà tó ń bọ ọ́ ní Àpápá náà ló wà, síbẹ̀ irin kan náà ni. Ohun tí èèyàn gbé wá láti ọ̀run ni irin rẹ̀. Ipò jẹ́ ibi tí ilé nílò irin náà sí. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé Chelsea kò fi Mikel kiri. Ipò kan ni wọ́n fún un, wọ́n sì fi í síbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Yíyá ẹni lò tó dáa náà sì wà. Ní oṣù Kejì ọdún 2007, nígbà tí imú aṣọ́lé Manchester United fọ́ níwájú Tottenham tí wọ́n sì ti lo gbogbo pààrọ̀ wọn, John O'Shea, ọwọ́ ẹ̀yìn, ló wọ ìbọ̀wọ́, ó sì dá bọ́ọ̀lù Robbie Keane dúró. Nígbà tí eré mìíràn dé, ẹ̀yìn ló padà sí. Wọ́n yá a lò, wọ́n sì dá a padà sí àyè rẹ̀.

Mi ò bá oníipò-kan jà. Ighalo tó dúró sójú ilé, tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń bú nígbà tí góòlù bá fò ó, ẹrù tirẹ̀ náà wúwo. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo rí ni ti àgbà tó ń yá ọmọ lò láìdá a padà, tó wá ń bi ọmọ náà pé kí nìdí tí kò fi ní ibùdó. Ìyá yẹn bi mí ohun tí Ọlọ́run dá ọmọ rẹ̀ fún. Mo sọ fún un pé Ọlọ́run dá a kó lè rí àlàfo kí ẹlòmíràn tó rí i, pé ẹ̀bùn ni, pé kíkiri tí wọ́n ń wí, ọwọ́ àwa àgbà ló ti wá.

Lórí pápá wa báyìí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ipò kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, títí kan ẹni tí a ń rán kiri. Ọmọ ìyá ẹlẹ́ja, nọ́ńbà mẹ́jọ la kọ ọ́ sí, nítorí ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti ń tó gbogbo pápá. Bí a bá yá a lọ sẹ́yìn lọ́sẹ̀ yìí, mẹ́jọ ni yóò padà sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kódà bí ẹ̀yìn bá ṣì ń ṣòro fún wa. Ẹni tó lọ gba ipò rẹ̀ dì fún un kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀. A ti fìdí rẹmi nítorí òfin yìí rí, mi ò sì yí i padà.

Ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹlẹgbẹ́ mi ní Ajégúnlẹ̀, ní Àmùkòkò, ní Tolú, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó fi ọmọ kankan dí àlàfo ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí ipò kan nínú ìwé yín, kí ẹ sì jẹ́ kí òun àti ìyá rẹ̀ rí i.